Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Fáànù

Iṣẹ́ mi kò ju bọ́tìnnì méjì lọ:
aláwọ̀ ewé, ó ń fẹ́. Pupa, ó dákẹ́.
Fáànù náà ga jù mí lọ, ó jókòó lẹ́nu ihò
tí à ń gbẹ́ gba abẹ́ Òkè Pósì ní Ẹ̀pẹ́
kí páìpù omi lè gbabẹ̀ dé Pápá.

Ihò tí a kò tíì gbẹ́ já, ẹnu kan ṣoṣo ló ní,
bí ìgò.
Nítorí náà la ṣe so ìfun gígùn mọ́ àjà rẹ̀,
páànù ní ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ ofeefee ní ìparí.
Fáànù a tú èémí sí i,
èémí a lọ bá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá,
a fẹ́ wọn lójú, a kó eruku wọn,
a sì yí padà wá bá mi, pẹ̀lú òórùn dísù àti òógùn.
Mo mọ òórùn wọn kí n tó mọ orúkọ wọn.
Mọ́nsúrù. Ọ̀sẹ́nì. Tìjání ará Ìtá-Òpó.
Làtí, tó máa ń kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ṣífáwù ìyá mi ń yan ẹja létí ọ̀sà.
Òun ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa iná:
bí ọ̀rá ẹja bá gbaná, ju abẹ̀bẹ̀ nù,
fi àpò tútù bo ẹnu ààrò;
iná tí kò rí èémí, òkú iná ni.
Ẹja kì í sì í mí nínú ààrò.
Èyí ni kò sọ. Kí ni ìbá sọ ọ́ fún?

Òru Àlàmísì, aago kan ti kọjá,
rọ́bà kan já lára katapílà láàárín ihò,
epo tú sórí irin gbígbóná.
A kò rí iná. Èéfín la rí,
ó ń ti ara rẹ̀ jáde bí ewúrẹ́ tí òjò ń lé.
Fọ́ọ̀mánù Òdúmúyìwá figbe ta:
"Pa á! Ìwọ lò ń bọ́ iná yẹn!"
Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú tirẹ̀.
Mo tẹ pupa.

Èéfín dẹ̀. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.
Ẹnìkan ní "Alihamudulilahi."
Awakọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ pàtẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Èmi ń kà lọ́kàn, n kò mọ ìdí rẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta,
mo ti dé ogójì kó tó yé mi
pé èéfín tí kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́,
ibì kan ló ń lọ.
Iná kò kú. Ó kàn kọjú sí wọn ni.
Ìfun aṣọ yóò ti rọ̀ bí ọmú tó gbẹ,
ènìyàn mẹ́rin sì wà lẹ́yìn iná, nídìí ìgò.

Mo tẹ aláwọ̀ ewé. Fọ́ọ̀mánù di apá mi mú,
mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a láyà.
Iná bú. A gbọ́ ọ láti ìta, ó ń jẹ ohun tí mo gbé fún un.
Ṣùgbọ́n èéfín padà wá,
ó ta mí lójú, ó kún mi nímú,
mo ń wúkọ́, mo ń sunkún, mo ń pè é:
máa bọ̀, máa bọ̀,
èyí tó bá wà lójú mi kò sí lójú wọn.

Àárọ̀ ni panápaná tó dé ọ̀dọ̀ wọn.
Mẹ́ta dojú bolẹ̀ lábẹ́ ìfun aṣọ,
wọ́n ń mu èémí tó gborí iná kọjá,
tó gbóná bí ti aláìsàn ibà.
Mọ́nsúrù ló sọ fún mi, ó pẹ́ kó tó sọ ọ́:
Tìjání ló dìde
lọ wo ìdí tí atẹ́gùn fi dá.

Ìgbìmọ̀ béèrè ta ló ní kí n tan fáànù padà.
Wọn kò béèrè ogójì yẹn.

Ìyá mi ṣì ń yan ẹja.
Bó bá na abẹ̀bẹ̀ sí mi,
mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí èéfín ń lọ.